ÀÌRÍ KÌ Í ṢE ÀÌSÍ: Àmì Wúrà àti Ìtànṣán Raman Nínú Àyẹ̀wò Ibà



1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí lítíréṣọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. N kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe onímọ̀ físíìsì. Iṣẹ́ èdè ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi jíṣẹ́ èsì fún aláìsàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ohun tí ẹ̀rọ náà ń rí gan-an, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí àyẹ̀wò ṣe ń sọ̀rọ̀ kò lè túmọ̀ ohun tí ó sọ. Ìbéèrè kan ni ó bí òmíràn, títí tí a fi dé ọ̀dọ̀ wúrà, tí a fi dé ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí a sì tún padà dé ọ̀dọ̀ èdè níbi tí a ti gbéra.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe ní ọjọ́ òní. Èkíní, n óò sọ ìdí tí a fi nílò àyẹ̀wò tí ó yára, tí a lè ṣe lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Èkejì, n óò ṣàlàyé irú àyẹ̀wò kan tí ó ń fi àmì wúrà àti ìtànṣán Raman ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, n óò fi hàn pé ibi tí àyẹ̀wò náà parí sí kọ́ ni iṣẹ́ parí sí, nítorí pé ẹnìkan ṣì ní láti la ẹnu sọ èsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

2. Ibà mẹ́ta tí ó jọ ara wọn

Nílẹ̀ wa, bí ara ẹnìkan bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí oríkèé ń ro ó, tí oúnjẹ kò sì wù ú jẹ, ibà ni a ó pè é. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó wọ ara ni ọkàn wa sì máa ń lọ sí, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí bo àìsàn púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni ibà Lassa. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, òun náà sì kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, tí orí sì yọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Yale ti rí kòkòrò àrùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Eku kan báyìí tí ó máa ń wọ ilé ni ó ń tan àrùn náà kálẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè ọya nìkan: ará Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ará Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀kẹta ni Ebola, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1976, tí a sì fi orúkọ odò kan ní ilẹ̀ Kóńgò pè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Làìbéríà wá sí Èkó. Ó ti ń ṣàìsàn kí ó tó balẹ̀. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fura pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà ní ọdún náà, 8 nínú wọn sì kú. Ènìyàn 894 tí wọ́n ti bá wọn pàdé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ̀ lẹ́yìn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 2014 sí 2016, ó ju ènìyàn 28,600 lọ tí àrùn náà mú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó sì kú lé ní 11,300.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí. Ibà mẹ́ta ni ó wọ agbádá kan náà. Ẹni tí ó ní ibà ẹ̀fọn nílò oògùn ibà, ó sì lè padà sílé rẹ̀. Ẹni tí ó ní Lassa nílò oògùn mìíràn, kí ó sì tètè lò ó. Ẹni tí ó ní Ebola ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ní wàràǹwéré kí ó má baà kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá fi ẹni tí ó ní ibà ẹ̀fọn sí àárín àwọn tí ó ní Ebola, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa kó o fún un. Àyẹ̀wò tí à ń pè ní PCR lè fi ìyàtọ̀ hàn, ṣùgbọ́n ó ń béèrè yàrá àyẹ̀wò tí ó pé, iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Níbi tí àrùn ti ń bẹ́ sílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà wà lójú kan.

3. Agbèjà-ara àti èérún àrùn

Nígbà tí àrùn bá wọ inú ara, ara a máa dá èròjà kan tí yóò gbèjà rẹ̀. Mo pe èròjà yìí ní agbèjà-ara. Agbèjà-ara kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀tá kan: ó ń di ẹ̀yà kan pàtó mú ní ara kòkòrò àrùn, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo tirẹ̀. Ẹ̀yà tí ó ń dì mú náà ni mo pè ní èérún àrùn, nítorí pé kì í ṣe odidi kòkòrò, èérún ara rẹ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ rí i pé bí agbèjà-ara bá lè dá èérún mọ̀ nínú ara, ó lè dá a mọ̀ nínú ìgò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Agbèjà-ara kéré, èérún kéré, ojú kò sì lè rí i nígbà tí wọ́n bá di ara wọn mú. Nítorí náà, a ní láti so àmì kan mọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí àmì náà lè máa sọ fún wa pé wọ́n ti pàdé. Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí láṣeyọrí ní ìlú New York ní nǹkan bí ọdún 1959, nígbà tí wọ́n ń wọn insulin inú ẹ̀jẹ̀. Àmì tí wọ́n lò ni èròjà tí ń tú ìtànṣán olóró jáde. Yalow gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Berson ti kú ní ọdún 1972. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Sweden lo èròjà tí ń yí àwọ̀ omi padà dípò ìtànṣán olóró. Ní ọdún 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe agbèjà-ara oríṣi kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ yanturu, àwọn náà sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1984.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé agbèjà-ara kò yí padà púpọ̀. Àmì ni ó ń yí padà. Ìtàn àyẹ̀wò yìí, ìtàn wíwá àmì tí ó dára jù ni.

Ọ̀nà tí a sábà ń gbà ṣe é nìyí. Agbèjà-ara méjì ni a ń lò fún èérún kan. Ọ̀kan dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èérún náà sì wà láàárín bí àkàrà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Agbèjà-ara kan ni ó ń dá ìdìpọ̀ náà dúró sí ojú kan, èkejì ni ó ru àmì. Bí èérún kò bá sí, kò sí ohun tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀, àmì yóò sì ṣàn kọjá lọ.

4. Wúrà tí ó pupa

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí àmì wúrà láìmọ̀ pé wúrà ni. Pépà àyẹ̀wò oyún, pépà àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, àti pépà tí a fi ń wo imú àwọn ènìyàn nígbà àrùn COVID-19, ìlà pupa tí ó ń fara hàn lórí púpọ̀ nínú wọn, wúrà ni. Michael Faraday ṣàlàyé ní London ní ọdún 1857 pé bí a bá fọ́ wúrà sí wẹ́wẹ́ gidigidi nínú omi, kì í dán yanranyanran bí òrùka mọ́, ó ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ wúrà tí mo ń sọ kò tó 100 nanómítà ní ìbú. Nanómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 nanómítà.

Pépà yìí rọrùn, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, ó ń gbé àmì wúrà dání, bí èérún bá sì wà, àmì yóò há sí ojú ìlà. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni ó ń ka ìwé náà. Bí èérún kò bá pọ̀, ìlà náà yóò ṣe bàìbàì, ẹnìkan yóò ní ìlà wà, ẹlòmíràn yóò ní kò sí. Bí a bá sì fẹ́ bi í léèrè nípa àrùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, pupa kan náà ni yóò fi dá wa lóhùn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì tí ó ní ohùn kan ṣoṣo ni. Ohun tí à ń wá ni àmì tí ohùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

5. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kan ìkòkò

Àwọn ìyá wa tí ń ra ìkòkò lọ́jà kì í fi ojú nìkan rà á. Wọn a fi ìka kàn án, wọn a sì dẹtí. Ohùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ó sán tàbí kò sán, bóyá ó jinná tàbí kò jinná. Ohun tí C. V. Raman rí ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1928 fara jọ èyí. Òun àti K. S. Krishnan ta ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan lu omi àti àwọn nǹkan olómi mìíràn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà kò yí àwọ̀ padà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ padà pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn. Ìdí ni pé mólékù kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó lè gba díẹ̀ nínú agbára ìmọ́lẹ̀ náà fún gbígbọ̀n rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà a sì padà ní àwọ̀ tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí a bá ka ìyípadà yìí sórí àtẹ, a ó rí ṣóńṣó mélòó kan tí ó dúró bí orí òkè, ètò wọn sì yàtọ̀ láti ara mólékù kan sí òmíràn. Raman gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 1930.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn náà kéré jọjọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ, nǹkan bí ẹyọ kan ni ó ń yí àwọ̀ padà báyìí. Fún nǹkan bí ọdún 50, kò sí ẹni tí ó lè fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ wá ohun tí ó kéré nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1974, Martin Fleischmann, Patrick Hendra àti James McQuillan ní Southampton rí i pé nígbà tí mólékù kan tí ń jẹ́ pyridine bá lẹ̀ mọ́ ojú fàdákà tí a ti mú kí ó rí ṣágiṣàgi, ohùn Raman rẹ̀ ń dún ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọ́n lérò pé ojú fàdákà náà ni ó fẹ̀ sí i tí ó fi gba mólékù púpọ̀. Ní ọdún 1977, Jeanmaire àti Van Duyne ní Amẹ́ríkà, àti Albrecht àti Creighton ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé fífẹ̀ ojú fàdákà nìkan kò tó láti fa irú ariwo bẹ́ẹ̀: ohùn mólékù kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. A ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Nínú wúrà àti fàdákà, àwọn elẹ́kitírọ́ọ̀nù lè máa jó pọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá lù wọ́n. Ijó wọn a sì sọ agbára ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀ ní ẹ̀bá ojú wúrà náà gan-an. Mólékù tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò pariwo. Èyí tí ó jìnnà díẹ̀ sí ojú wúrà yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

6. Àmì wúrà gẹ́gẹ́ bí àrokò

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ oko tèmi. Àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ méjì tí a kọjú wọn sí ara wọn, ọ̀rẹ́ ni. Bí a bá kọ ẹ̀yìn wọn sí ara wọn, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́, kì í ṣe ìjà. Àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ni ó fún un ní ìtumọ̀.

Bákan náà ni àmì wúrà tí àwọn onímọ̀ ń ṣe láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún ogún. Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di àmì kan. Àkọ́kọ́ ni ẹyọ wúrà, tí yóò gbé ohùn ga. Èkejì ni mólékù tí a lẹ̀ mọ́ ojú wúrà náà, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ni owó ẹyọ inú àrokò. Ẹ̀kẹta ni èèpo kan tí ó dà bí gíláàsì, tí a fi wé gbogbo rẹ̀ kí mólékù náà má baà bọ́, kí ohun mìíràn má sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni agbèjà-ara tí a so mọ́ ẹ̀yìn èèpo náà, tí ó mọ ilé tí a rán àmì náà sí.

Bí a bá fún Ebola ní mólékù kan, tí a fún Lassa ní òmíràn, tí a sì fún ibà ẹ̀fọn ní ẹ̀kẹta, a lè da àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò kan. Àwọn ṣóńṣó Raman tín-ín-rín, nítorí náà ẹ̀rọ lè ka mẹ́ta pọ̀ láìdà wọ́n rú, ìmọ́lẹ̀ léésà kan ṣoṣo ni yóò sì lò fún gbogbo wọn. A tún lè lo ìmọ́lẹ̀ tí ó rékọjá pupa, tí ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tí ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dí lọ́nà púpọ̀.

Ní ọdún 2018, David Sebba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Becton Dickinson ní Amẹ́ríkà tẹ irú iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science Translational Medicine. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ àmì wúrà àti mọ́ àwọn hóró kéékèèké tí òòfà lè fà, tí àwọn náà ru agbèjà-ara. Níbi tí èérún bá wà, ó so àmì wúrà pọ̀ mọ́ hóró náà. A gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Òòfà fa gbogbo hóró sí ojú kan, wọ́n sì wọ́ àmì tí ó so mọ́ wọn dání. A ta léésà sí ojú ibẹ̀, ẹ̀rọ sì ka ohùn tí ó padà. Kò sí pé à ń fọ ìgò, kò sí pé à ń da omi nù, èyí tí ó ṣe pàtàkì níbi tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè pa òṣìṣẹ́. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí èsì fi ń jáde.

7. Ohun tí ìṣirò sọ

Wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ 190 tí a gbà nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ọdún 2014, ẹ̀jẹ̀ 163 tí ó ní ibà ẹ̀fọn, àti 233 tí kò ní èyíkéyìí. Ní ti ibà ẹ̀fọn, kò fo ẹnìkan nínú àwọn tí ó ní in, ó sì yọ ìdá 99.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in sílẹ̀. Ní ti Ebola, ó rí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní in, ó sì yọ ìdá 97.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in sílẹ̀. Fún Lassa, inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú kòkòrò àrùn náà, kì í ṣe lára ọ̀pọ̀ aláìsàn bíi ti àwọn méjì yòókù.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní ènìyàn 1,000 tí ara wọn gbóná wá sí ilé ìwòsàn, kí 10 péré nínú wọn ní Ebola ní tòótọ́. Àyẹ̀wò náà yóò rí 9, yóò sì fo 1. Nínú 990 tí kò ní in, ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún, tí í ṣe nǹkan bí ènìyàn 21, ni àmì yóò fara hàn lára wọn lásán. Àpapọ̀ àwọn tí àmì fara hàn lára wọn yóò jẹ́ 30, ṣùgbọ́n 9 péré ni ó ní Ebola. Àwọn 970 yòókù ni àmì kò fara hàn lára wọn, 969 nínú wọn ni kò sì ní in. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù, ìyẹn ẹnìkan tí ó lè padà sílé lọ máa gbé ọmọ rẹ̀ jó.

Kí ni ó fà á? Ẹ padà sí àrokò. Ohun tí ẹ̀rọ ń kà kì í ṣe Ebola. Mólékù tí a lẹ̀ mọ́ wúrà kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú Ebola; àwa ni a yàn án fún un. Bí àmì bá lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ kí ó lẹ̀ mọ́, yóò pariwo orúkọ Ebola níbi tí Ebola kò sí. Bí èérún bá sì kéré jù, a kò ní gbọ́ ohùn kankan. Ní ọjọ́ bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, kòkòrò Ebola lè má tíì pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ kí àyẹ̀wò tó rí i, ìdí nìyí tí a fi ń tún àyẹ̀wò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Rírí ibà ẹ̀fọn kò lé Ebola jáde. Àwọn méjèèjì lè wà lára ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá wá ibà ẹ̀fọn nìkan, tí ó rí i, tí ó sì káwọ́ gbera, ó ti pa ìwé dé kí ó tó kà á tán. Èrè àyẹ̀wò tí ń bi ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà gan-an nìyí.

8. Ọ̀rọ̀ tí a óò fi jíṣẹ́

Mo wá dé ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń sọ èsì ní èdè Yorùbá lónìí? A ń sọ pé, 'Ó ti ní in,' tàbí, 'Kò ní in.' Àwọn mìíràn a fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lú u, wọn a ní èsì rẹ̀ jẹ́ 'positive', aláìsàn tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ a máa yọ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀ ohun rere ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n 'ó ti ní in' pàápàá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdájọ́ ni, kì í ṣe èsì. Bí a bá sọ ọ́ fún 30 inú àpẹẹrẹ wa, irọ́ ni a pa mọ́ 21. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ ohun tí Ebola jẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè lé ènìyàn kúrò ní ilé tí ó yá, ó lè pa ìso rẹ̀ lọ́jà dé, kódà bí ìdáhùn mìíràn bá dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bákan náà ni 'kò ní in' ṣe lè pa ìdílé kan run.

Èdè wa kò ṣaláìní ohun tí a lè fi tún un ṣe. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín rírí àti wíwà. Ẹni tí ó bá wá ewúrẹ́ rẹ̀ títí tí kò rí i kì í sọ pé ewúrẹ́ kò sí láyé. Ó ń sọ pé òun kò rí i. Nítorí náà, gbólóhùn mẹ́ta ni mo dá lábàá fún ọ̀rẹ́ mi, mo sì ń gbé wọn síwájú yín.

Èkíní: 'Àmì fara hàn.' Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí à ń ṣọ́ ti fọhùn. A óò fi àyẹ̀wò PCR wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí ìgbà náà a óò yà ọ́ sọ́tọ̀ nínú yàrá tìrẹ nìkan, kì í ṣe láàárín àwọn tí a ti mọ̀ dájú pé wọ́n ní in.

Èkejì: 'Àmì kò fara hàn lónìí.' Ọ̀rọ̀ náà 'lónìí' kò gbọdọ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Bí àìsàn náà kò bá tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tàbí bí ara bá ṣì ń gbóná, a óò tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta: 'Àyẹ̀wò kò sọ̀rọ̀.' Èyí ni ti ìgbà tí àyẹ̀wò bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìlà ẹlẹ́rìí, tí ó yẹ kí ó jáde lórí gbogbo pépà, bá kọ̀ tí kò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbà pé bí kò bá ti sí ìlà, àìsàn kò sí nìyẹn. Ìdákẹ́ ẹlẹ́rìí kì í ṣe ìdáláre.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ti gùn jù fún nọ́ọ̀sì tí aláìsàn ogójì ń dúró dè. N kò gbà bẹ́ẹ̀. 'Ó ti ní in' àti 'Àmì fara hàn' kò jìnnà sí ara wọn ní gígùn. Èyí tí ó jìnnà ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi lé aláìsàn lọ́wọ́ láti gbé lọ sílé.

9. Ìkádìí

Ẹ̀rọ tí ń ka àmì wúrà ní owó lórí ju pépà lọ. Ó ń béèrè léésà àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe. PCR ni a ṣì fi ń wádìí Ebola dájú. N kò wá láti polówó ẹ̀rọ kankan. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé ni pé ìmọ̀ yìí, láti ọwọ́ Faraday dé ọwọ́ Raman, dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lónìí, ìmọ̀ bí a ṣe ń mú ohun tí ojú kò lè rí fọhùn ni. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Ohùn náà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́ ni a óò ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí kí ẹ má rò pé ewì àti ìtàn àròsọ nìkan ni iṣẹ́ yín. Ìwé kékeré tí wọ́n ń ká sínú páálí àyẹ̀wò náà jẹ́ ìwé. Àwọn tí yóò kà á kò ní kà á fún ìgbádùn. Wọn yóò kà á pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ọmọ wọn yóò sì wà lẹ́yìn wọn tí ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ẹ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀rọ wọn ń rí àti ohun tí kò lè rí, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá àgbà yóò gbọ́ yé.